Ojú Ìwé Kùdírátù

Àdúrà ọjọ́ kẹjọ Ìyá Àgbà Àríkẹ́ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Láti ìdájí ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mọ́sálásí ti ń wọ́ wá sí àgbàlá wọn ní Sakété, ẹní lábẹ́ apá kálukú, ìtàn lẹ́nu kálukú. Èyí ní òun ló kọrin sọ ọmọ òun lórúkọ. Ìyẹn ní orin tó fi sin òun lọ sílé ọkọ, òun ṣì ń kọ ọ́ bí ayé bá sú òun. Màrúfátù, ọmọ ọmọ olóògbé, ń gbé omi àlùwàlá kiri láàárín wọn, ojú rẹ̀ wú. Wọ́n rò pé ẹkún ni.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ Àríkẹ́," ni wọ́n ń wí. "Ìwọ lo ṣe é lóore jù nínú gbogbo wa. Ìwọ lo bá a kó orin rẹ̀ sínú ìwé."

Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wí bẹ́ẹ̀, á yára gbé omi rẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn. Ẹkún kọ́ ló wú u lójú, àìsùn ni. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, bí ó bá sì rí ọ̀nà àtisá padà sí Àjàṣẹ́ níbi tó ti ń kàwé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ì bá ti lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń wá ọ̀nà àtisá fún òkú. Ẹ ò rí nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Àríkẹ́ jẹ́, nítorí òkú kì í burú lẹ́nu àwọn tó wá kí ni kú ìdélé. Opó ni. Ẹ̀kọ ló ń tà, òun ló fi tọ́ ọmọ mẹ́fà àti ọmọ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n wákà ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, orin tí àwọn obìnrin mùsùlùmí ń kọ níbi ìkómọ, níbi ìgbéyàwó àti lásìkò ààwẹ̀. Bó bá kírun àsùbáà tán, kì í dìde lórí awọ àgùntàn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ á máa mì, ohùn kò ní í jáde, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kí i títí oòrùn á fi kan ògiri. Bó bá wá dìde, orin ti délẹ̀. Á fi kọ́ àwọn ọmọdé tó ń lọ pọnmi, kò ní í sọ fún wọn pé tòun ni. "Ọmọdé kì í ṣojú àánú fún orin," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì ń kọ ọ́ ní ọjọ́ kẹta, ó gbà á wọlé. Bí wọ́n bá ti gbàgbé rẹ̀, òun náà á gbàgbé rẹ̀, kò sì ní í dùn ún.

Gbogbo ọmọ Sakété tó bá ń ṣe àlùwàlá, orin Àríkẹ́ ló fi ń rántí pé ọwọ́ ló ṣáájú ẹnu, pé ẹnu ló ṣáájú imú. Lọ́jọ́ tí wọ́n fa àsíá Faransé wálẹ̀ tí wọ́n gbé ti Dàhòmẹ̀ sókè, tí àwọn èèyàn ńlá ń sọ̀rọ̀ gígùn nínú oòrùn, ó jókòó sídìí igbá ẹ̀kọ rẹ̀, ó ní:

Àsíá tuntun, aṣọ tuntun,
Ẹ wẹ ara tó fẹ́ wọ̀ ọ́.

Àwọn tó gbọ́ rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn akọ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ ní bírò ìjọba. Ẹnu yẹn dùn. Ẹnu yẹn kan náà ló sì ba nǹkan jẹ́.

Kùdírátù ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Bí Àríkẹ́ bá dá orin, Kùdírátù ló ń gbè é. Ọkọ mú un lọ sí Pobè, síbẹ̀ kò sí ìnáwó kan ní Sakété tí kò ní í wọ ọkọ̀ ojú irin wá gbe orin ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá nílé ọkọ. Ara ọmọ náà kò le. Ìyá ọkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀họ̀rí tí kò kírun rí láyé rẹ̀, wá so ońdè, oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n rán sínú awọ, mọ́ ọmọ náà nídìí. Kí ni Kùdírátù ì bá ṣe? Abiyamọ ni. Kò tú ońdè náà, kò sì fi ìrun rẹ̀ sílẹ̀.

Níbi ìkómọ kan, aṣọ yẹ̀ lára ọmọ náà, Àríkẹ́ sì rí ońdè. Kò pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé kí àwọn méjèèjì jọ sọ ọ́. Orin ló dá, lójú agbo:

Ó kírun tán, ó so ońdè,
Ọwọ́ méjì ló fi bu omi,
Méjèèjì ló ń jò.

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò kúkú nílò rẹ̀. Agbo bú sẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é. Kùdírátù tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń gbè é tẹ́lẹ̀ dákẹ́, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ apọnmi ṣì ń kọ orin náà káàkiri ìlú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọmọ náà kú ní Pobè.

Iṣẹ́ tí Kùdírátù rán wá kò gùn. "Ẹ sọ fún Àríkẹ́ pé orin rẹ̀ la fi sin ọmọ mi. Kó má dé ẹnu ọ̀nà mi láéláé." Àríkẹ́ lọ náà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún tì í. Láti ìgbà náà ni kò ti fi orin bá ẹnikẹ́ni wí mọ́, ì báà jẹ́ ọ̀mùtí tó bì sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Ọdún méjìlá ni ọ̀rọ̀ náà fi jókòó sí i láyà.

Ní ọdún kejì òmìnira, ó ra ìwé ìkọ̀wé kan, èyí tí wọ́n ń pè ní kayé, àti bíìkì aláró tí wọ́n á fi kọ ọ́, ó pe Màrúfátù. Màrúfátù wà ní kíláàsì àṣekágbá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò sẹ́tífíkà.

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ lẹ́tà," Ìyá Àgbà ní, "ẹ mọ bí a ti í ṣe é tí ọ̀rọ̀ kì í kú. Wá bá mi kọ orin mi sílẹ̀."

Lẹ́yìn ìrun àlàásàrì ni wọ́n ń jókòó. Ìyá ń kọrin, ọmọ ń fi lẹ́tà Faransé kọ ọ́ bó ṣe ṣeé kọ sí, nítorí kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní Yorùbá nílé ìwé. Ẹni tó bá tiẹ̀ sọ ọ́ níbẹ̀, ìyà ni. Ó kọ orin mẹ́rìnlá. Ó kọ wọ́n dáadáa, ká má parọ́ mọ́ ọn. Orin kẹẹ̀ẹ́dógún ni wàhálà.

"Èyí kì í ṣe ti agbo," Ìyá Àgbà ní lọ́jọ́ náà. "Ti Kùdírátù nìkan ni. Mi ò ní í fi kọ́ àwọn apọnmi. Ìwọ ni wàá gbé e lọ sí Pobè, kí o kà á fún un. Kò ní í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọdé."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò jáde bó ṣe máa ń jáde. Á kọ ọ́ díẹ̀, á dákẹ́, á nu ojú, á tún bẹ̀rẹ̀. Orin náà gùn, ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka tẹ̀súbà. Ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Victorine, ọ̀rẹ́ Màrúfátù, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́jú sí i, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wọn máa ń lọ wo àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Àjàṣẹ́, pàápàá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bírò tó wọ bàtà dídán. Nítorí bàtà dídán ni o. Bàtà tí kò tiẹ̀ mọ ẹsẹ̀ tó wọ̀ ọ́.

Màrúfátù kọ ìlà mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ọkàn rẹ̀ ti dé ibùdó ọkọ̀. Bí Ìyá Àgbà ṣe ń kọrin, ohun tí bíìkì ń kọ ni iṣẹ́ èdè Faransé, mo parí, o parí, ó parí, tí olùkọ́ ní kí wọ́n há sórí: *je finis, tu finis, il finit. Nous obéissons, vous obéissez.* Ojú ìwé kan kún, èkejì kún. Bí orin bá dúró, á dúró. Bí orin bá bẹ̀rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò mọ̀? Nínú ilé yẹn, òun nìkan ló mọ̀wé.

Nígbà tó parí, Ìyá Àgbà gba kayé náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú ìwé méjèèjì lára jẹ́jẹ́. "Ọ̀rọ̀ mi pọ̀ tó báyìí," ó ní. "Kà á kí n gbọ́." Màrúfátù tẹjú mọ́ ìwé, ó kọ ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ sókè. Ẹkún gbọn ìyá náà. "Ó tó. Ó tó, ọmọ mi. Ọwọ́ tó kọ ọ́ kò ní í rọ." Orí iṣẹ́ ilé ìwé ni Màrúfátù ti gba àdúrà yẹn. Ó ṣe àmín sí i, ó sì sáré lọ wo ọkọ̀.

Ó ní lọ́kàn pé òun á padà bẹ̀ ẹ́ lọ́la kó tún un kọ. Ọ̀la di ọ̀tunla. Ẹ̀rù bà á láti bèèrè, nítorí bó bá bèèrè, wọ́n á ní èyí tó kọ ńkọ́. Orin yẹn sì ni ọ̀kan ṣoṣo tí Ìyá Àgbà kò tún gbé sẹ́nu mọ́, ó gbà pé ó ti wà níbi tó yẹ kó wà.

Ìsinmi dé. "O ò tíì lọ sí Pobè?" "Ó di lẹ́yìn sẹ́tífíkà, Ìyá Àgbà." Ó yege, ó lọ kàwé ní Àjàṣẹ́. Ìsinmi mìíràn tún dé. "O ò tíì lọ?" "Ó di ìgbà Iléyá." Kí ló fẹ́ lọ kà níbẹ̀? Ṣé *je finis* ló fẹ́ kà fún ẹni tí ọmọ kú fún? Nígbà tí ìbéèrè náà wá di èyí tí kò lè gbà mọ́ra mọ́, ní ìsinmi Àjíǹde ọdún tó kọjá, ó ṣe ohun tí ọmọ ènìyàn ń ṣe bí irọ́ kékeré bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó pa ńlá lé e lórí.

"Mo ti lọ, Ìyá Àgbà. Mo kà á fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n sunkún."

"Kí ló wí?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan."

Ó rò pé òun ti fi ọkàn ìyá náà balẹ̀. Ọmọ tó mọ ìwé tí kò mọ èèyàn. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà ti ń tẹ́ ẹní sí ìloro ní ìrọ̀lẹ́, á kọjú sí ọ̀nà tí àwọn èrò Pobè ń gbà wọ̀lú. Bí wọ́n bá kọjá tán, á ká ẹní rẹ̀, á wọlé lọ kírun mùgùríbì. Oṣù kan, oṣù mẹ́fà, ọdún kan. Màrúfátù bá a níbẹ̀ nígbà gbogbo tó bá ti Àjàṣẹ́ dé, á gba ẹ̀yìn ilé wọlé kó má baà kọjá níwájú rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbé e lọ, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú.

"Kùdírátù gbọ́, kò sì wá," ó ní. "Ó tọ́ sí mi. Ẹ má bá a jà."

Màrúfátù ní ẹnu, ó ní ahọ́n. Kò sọ ọ́. Ó ṣì ń wá ìgboyà kiri nígbà tí wọ́n pa ojú ìyá náà dé.

Ohun tó wà ní ikùn rẹ̀ nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ. Lèmọ́ọ̀mù ti ka Kùránì, wọ́n ti ṣe àmín, nígbà tí obìnrin kan gba ìloro wọlé. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́, ìborùn funfun, erùpẹ̀ pupa dé kókósẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà obìnrin ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń tọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kùdírátù ni," ẹnìkan sọ ọ́ wúyẹ́.

Ó kí Lèmọ́ọ̀mù, ó jókòó sí etí ẹní, kò wojú ẹnikẹ́ni. Lèmọ́ọ̀mù wá bẹ àwọn èèyàn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, pé ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀ kó forí jì í nítorí Ọlọ́run, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín ẹ̀dá sí ẹ̀dá, ẹ̀dá ló ń forí rẹ̀ jini. Gbogbo agbo ní àwọn ti forí jì í. Ẹnu Kùdírátù nìkan ni kò mì.

"Ìyá, ẹ̀yin náà ńkọ́?" Lèmọ́ọ̀mù bi í.

"Ìbéèrè ni mo bá wá," Kùdírátù ní. "Àríkẹ́ dá orin fún ọmọ tuntun, ó dá fún ìyàwó, mo gbọ́ pé ó dá fún àsíá pàápàá. Ọdún méjìlá ni mo fi retí pé yóò rí ọ̀rọ̀ kan dá fún èmi. Mo ti ilẹ̀kùn, òótọ́ ni. Ṣé ilẹ̀kùn ń dá orin dúró ni? Ó kú, kò sọ nǹkan kan. Ọmọ mi kò tiẹ̀ tó ohun tí à ń torí rẹ̀ la ẹnu?"

Múdàṣírù, àkọ́bí Àríkẹ́, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá, sún mọ́ ọn.

"Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá wa dá orin fún yín. Màrúfátù gbé e wá bá yín ní Pobè lọ́dún tó kọjá. Ó ní ẹ gbọ́ ọ, ẹ sunkún."

Kùdírátù wò ó. "Ta ni Màrúfátù?"

Gbogbo ojú yí padà. Màrúfátù dúró sídìí àmù, omi tó bù ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Bàbá Múdàṣírù kò pariwo. Ó kàn ní, "Lọ mú ìwé yẹn wá," ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí èyí tí Màrúfátù mọ̀.

Ó mú un wá. Ó kúnlẹ̀ níwájú arúgbó náà, ó ṣí i. Ìlà mẹ́rin yẹn ń bẹ níbẹ̀. Ó kọ ọ́:

Kùdírátù, ẹsẹ̀ kọ́ ló yọ̀ mí, ahọ́n ni,
Ẹni ẹsẹ̀ yọ̀ a dìde, ti ahọ́n kò ṣeé gbé nílẹ̀.
Mo kírun, mo kírun, iwájú orí mi dúdú,
Ọmọ rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà àdúrà mi, kò jẹ́ n wọlé.

Kùdírátù ti fi etí ìborùn bo ojú. "Máa bá a lọ," ó ní.

Ìlà karùn-ún ni *je finis*. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ ń bọ̀ wá sí i lẹ́nu. Ó ṣe tán, ẹ̀jẹ̀ Àríkẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ tó dùn, tó bá orin mu, nípa ilẹ̀kùn, nípa ọ̀nà Pobè, ó ti tò sórí ahọ́n rẹ̀. Bó bá kọ ọ́, ta ni yóò mọ̀? Àwọn obìnrin wọ̀nyí á gbè é, wọ́n á gbé e lọ sílé, Sakété á máa kọ ọ́ pé orin ìkẹyìn Àríkẹ́ nìyí. Bàbá Múdàṣírù á gbójú sókè. Ìtìjú á tán. Ó tilẹ̀ la ẹnu.

Ló bá wo ojú arúgbó náà. Ìborùn ti sọ̀ kalẹ̀. Ètè Kùdírátù ń mì díẹ̀díẹ̀, láìsí ohùn. Ó ń gbe orin ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ń dúró de ìlà tó kàn kó lè gbè é. Ó gún Màrúfátù lọ́kàn láti wò ó. Kò lè ṣe é.

"Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí," ó ní.

"Ìyókù dà?"

"Mi ò kọ ọ́. Iṣẹ́ ilé ìwé mi ni mo kọ síbẹ̀. Mo fẹ́ lọ wo ọkọ̀. Mi ò wá sí Pobè rí, Ìyá. Mo parọ́ fún Ìyá Àgbà pé mo wá. Wọ́n sì ń dúró dè yín. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jókòó sí ìloro. Wọ́n kú, wọ́n rò pé ẹ gbọ́, ẹ kò fẹ́ wá."

Bàbá Múdàṣírù gbọ́wọ́ sókè, Lèmọ́ọ̀mù di ọwọ́ náà mú. Obìnrin kan láàárín agbo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kùdírátù kò sunkún. Ó ń wo ilẹ̀.

"Ìgbà wo ló ti ń dúró dè mí?"

"Ó lé ní ọdún kan."

"Mo wà nílé," ó wí, bí ẹni tó ń bá Àríkẹ́ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo wà nílé ní Pobè. Mi ò lọ ibì kankan."

Ó gbójú sókè sí Màrúfátù. "Tún mẹ́rin yẹn kọ." Màrúfátù tún un kọ, ẹkún ń já ohùn rẹ̀ sí méjì. "Tún un kọ." Lẹ́ẹ̀kẹta, arúgbó náà gbè é sókè, ohùn rẹ̀ sán, ó sì mọ ibi tó yẹ kó fi lé e gẹ́lẹ́. Àwọn àgbà obìnrin tó bá wọn ṣe agbo nígbà èwe bo ẹnu wọn.

Kùdírátù kọjú sí Lèmọ́ọ̀mù. "Mo ti forí ji Àríkẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó wọlé. Kí ọmọ mi yà lọ́nà fún un."

"Àmín," ni gbogbo agbo wí.

Màrúfátù rò pé ara á fúyẹ́ òun. Kò fúyẹ́. Ó dojú bolẹ̀ níbi ẹsẹ̀ eléruku yẹn. "Ẹ forí ji èmi náà, Ìyá. Ẹsẹ̀ kọ́ ló yọ̀ mí, ahọ́n ló..."

"Dákẹ́." Kùdírátù kò gbóhùn sókè. "Ti Àríkẹ́ nìyẹn. Ó jókòó, ó sunkún, ó wá a rí. O gba ìyókù lọ́wọ́ mi, o tún fẹ́ fi ìwọ̀nba tó kù bẹ̀ mí. Wá tìẹ."

Màrúfátù dìde sórí orúnkún rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó tò sórí ahọ́n rẹ̀ láìpẹ́ yìí, kò rí ọ̀kan. Bàbá Múdàṣírù ń wò ó, agbo ń wò ó. Kùdírátù ṣí ìborùn kúrò ní etí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Mo ń gbọ́," ó ní.